Ẹ má tíì gé họ́ọ̀bù bàbá yín dànù

Ará Àjàṣẹ́ tó bèèrè, ẹ kú ìrọ́jú. Ẹ ní kẹ̀kẹ́ Raleigh tí bàbá yín fi sílẹ̀ ń já ẹsẹ̀ yín sófo lórí vitẹ́ẹ̀sì (jíà) kejì. Ẹni tó ń bá yín tún un ṣe sọ pé ilé-iṣẹ́ Sturmey-Archer tó ṣe họ́ọ̀bù ẹ̀yìn rẹ̀, irin àárín wíìlì tí jíà wà nínú rẹ̀, ti kú, pé kí òun gé sípóòkù, kí òun sì fi fìríwíìlì lásán rọ́pò rẹ̀. Ẹlòmíràn wá dá yín lóhùn pé èyí tí wọ́n ń tà báyìí tí wọ́n kọ Taiwan sí lára, ayédèrú ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní kí ọ̀gbẹ́ni yẹn gbé pílíà sílẹ̀ ná. Èmi náà ti sọ gbogbo ohun tí àwọn méjèèjì sọ yìí rí, mo sì jẹ ìyà ẹ̀.

Kétu ni mo ti ń ṣiṣẹ́, lójú ọ̀nà tó lọ sí Ìlárá. Ọwọ́ bàbá mi ni mo ti kọ́ṣẹ́. Ohun tí ọwọ́ tirẹ̀ mọ̀ ni tèmi náà mọ̀, kò sí ìwé kankan láàárín wa. Ní 1994, ọdún tí mo dá dúró, tíṣà kan tó ti fẹ̀yìn tì gbé Raleigh aláwọ̀ ewé tirẹ̀ wá. Ohun tó ń ṣe tiyín gan-an ló ń ṣe é: lórí ìkíní, ó dáa, lórí ìkẹta, ó dáa, lórí ìkejì, pẹ́dà á kàn ṣàdédé sófo lábẹ́ ẹsẹ̀, bí ẹni tó ń sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn tó rò pé ó ṣì ku ọ̀kan. Mo tú họ́ọ̀bù náà. Ẹni tí kò bá tú u rí kò lè mọ ohun tí mò ń wí: eyín kéékèèké, sípíríǹgì tó tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun orí, bọ́ọ̀lù tó ń yí lọ sábẹ́ àpótí. Mo tú u tán, n kò mọ bí mo ṣe máa tò ó padà. Mo wá sọ fún bàbá náà pé inú rẹ̀ ti jẹ tán, pé àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó ṣe é kò sí mọ́ láyé. Mo bá a fi wíìlì tí kò ní vitẹ́ẹ̀sì sí i, ó san owó, ó dúpẹ́, ó sì lọ. Mo ta irin họ́ọ̀bù náà ní 500 sẹ́fà fún àwọn tó ń ra àlòkù irin kiri. Inú mi tiẹ̀ dùn sí owó náà lọ́jọ́ yẹn.

Ó lé lọ́dún mẹ́ta lẹ́yìn náà kí ọ̀gá kan ní Pọ́bẹ̀ tó fi ihò kékeré kan hàn mí lára nọ́ọ̀tì ọwọ́ ọ̀tún irú họ́ọ̀bù bẹ́ẹ̀. Ó wo inú ihò náà, ó yí ibi tí wáyà ti ń fún díẹ̀, kò tó yíyí kan gbáko. Àìsàn tí mo torí rẹ̀ pa họ́ọ̀bù tíṣà, ojú mi báyìí ló ṣe lọ. N kò lè béèrè ọ̀rọ̀ kejì lọ́wọ́ ọ̀gá náà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe ń ṣiṣẹ́, torí ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kò ní bẹ̀rù rẹ̀. AW tí ẹ ní wọ́n kọ sí tiyín, 1936 ni wọ́n ti mú irú rẹ̀ jáde. Nínú rẹ̀, irin eléyín kan wà láàárín tí kì í yí, eyín ara rẹ̀ jẹ́ 20. Àwọn irin eléyín kéékèèké mẹ́rin ń yí i po, eyín 20 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn náà ní. Òrùka ńlá kan tó ní eyín 60 ní inú wá yí gbogbo wọn ká. Ẹ wo 20 lára 60, ìdá kan nínú mẹ́ta nìyẹn. Ìdí nìyí tí wíìlì fi ń yí ní ìdá kan nínú mẹ́ta ju pìnyọ́ọ̀, irin eléyín ẹ̀yìn tí ṣéènì ń yí, lọ lórí ìkẹta. Lórí ìkejì wọ́n jọ ń yí bákan náà. Lórí ìkíní, wíìlì á dín kù sí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin, èyí tí ẹ óò lò tí ẹ bá di àpò àgbàdo sẹ́yìn kẹ̀kẹ́. Gbogbo ẹ̀ nìyẹn. Kò sí oògùn níbẹ̀.

Họ́ọ̀bù yìí kò mọ ohun mìíràn ju bí wáyà ṣe fà á tó. Tí wáyà bá dẹ̀ pátápátá, ìkẹta ni. Tó bá fà á tán, ìkíní ni. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé bí wáyà bá já lójú ọ̀nà, orí ìkẹta ni kẹ̀kẹ́ ń dúró sí, orúnkún yín ni yóò sì san owó rẹ̀ délé. Láàárín ìkejì sí ìkẹta, àlàfo kan wà níbẹ̀ tí kò sí ohun tó mú ohun. Wáyà tó bá dẹ̀ díẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, inú àlàfo yẹn ló ń gbé họ́ọ̀bù sí nígbà tí ẹ bá rò pé orí ìkejì lẹ wà. Ohun tó ń já ẹsẹ̀ yín sófo nìyẹn. Bí ẹ bá pẹ́ lórí ẹ̀ ni eyín inú máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ lóòótọ́, nítorí náà ẹ má fi dọ́la.

Ẹ fi sí ìkejì. Ẹ wo inú ihò tó wà lára nọ́ọ̀tì ọ̀tún, níbi tí ṣéènì kékeré tí wáyà so mọ́ ti wọlé. Ṣéènì náà so mọ́ ọ̀pá tín-ínrín kan. Ibi tí ọ̀pá náà parí sí gbọ́dọ̀ bá ẹnu irin gígùn tó gba àárín wíìlì kọjá dọ́gba. Tó bá wọ inú jù ú lọ, ẹ fún wáyà. Tó bá yọ síta, ẹ dẹ wáyà. Ẹ wa á wò, kí ẹ tún un wò lẹ́ẹ̀kan sí i.

Ọ̀rọ̀ epo ńkọ́? Ọ̀gá Pọ́bẹ̀ sọ fún mi pé họ́ọ̀bù náà ń mu epo, pé ihò kan wà lára rẹ̀ tó ní ìdérí kékeré. N kò béèrè irú epo wo. Àdín ló wà nílé, àdín ni mo rọ sí ti èmi fúnra mi. Ọyẹ́ wá mú, àdín dì nínú ibẹ̀. Ní ìdájí, mo ń wa pẹ́dà, pẹ́dà ń yí, kẹ̀kẹ́ kò kúrò lójú kan. Tí oòrùn bá ti ràn díẹ̀, a tún máa lọ bí ẹni pé kò sí nǹkan kan. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni mo fi ń rò pé ẹnìkan ní àdúgbò ló ń fi nǹkan ṣe mí. Àwọn irin ìkọ́ inú rẹ̀ ni àdín lẹ̀ mọ́lẹ̀, tí wọn kò lè dìde mú ohun tó yẹ kí wọ́n mú. Epo ẹ̀rọ tó ṣàn ni kí ẹ lò, ṣíbí tíì kan ti tó, kí ẹ sì máa ṣe é látìgbàdégbà. Kpayo, bẹntiróò fàyàwọ́, dára láti fi fọ ìdọ̀tí àtijọ́ kúrò, àmọ́ kì í ṣe epo ìfisílẹ̀.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ ikú ilé-iṣẹ́ náà. Ní 1994 tí mo ń pariwo pé wọ́n ti kú yẹn, wọ́n ṣì wà ní Nottingham, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n ń ṣe họ́ọ̀bù lójoojúmọ́. Nottingham yẹn náà ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ní 1902. Frank Bowden, ẹni tó ni Raleigh, ló kó wọn jọ. Orúkọ tó wà lára họ́ọ̀bù yín, Sturmey àti Archer, èèyàn méjì ni, ṣùgbọ́n ẹ̀kẹta wọn ni ẹ kò rí. William Reilly ni orúkọ rẹ̀, ará Salford. Òun ló ti kọ́kọ́ ṣe họ́ọ̀bù oní-vitẹ́ẹ̀sì méjì kí 1900 tó dé, àmọ́ ó ti tọwọ́ bọ̀wé pẹ̀lú ilé-iṣẹ́ tó gbà á pé ohunkóhun tí òun bá tún hùmọ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí, tiwọn ni. Nígbà tó wá hùmọ̀ oní-mẹ́ta, orúkọ James Archer, ẹni tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, ni wọ́n fi gba ìwé ẹ̀tọ́ rẹ̀. Henry Sturmey ní tirẹ̀ jẹ́ akọ̀ròyìn, olóòtú ìwé ìròyìn àwọn oníkẹ̀kẹ́; òun náà ní oní-mẹ́ta tirẹ̀ lọ́tọ̀. Bowden ra ti àwọn méjèèjì. Èyí tí wọ́n wá rọ tí wọ́n tà, orí iṣẹ́ Reilly ló dúró lé jù. Nítorí náà, ẹni tí wọn kò fi bẹ́ẹ̀ lo iṣẹ́ rẹ̀ ni orúkọ rẹ̀ ṣáájú, ẹni tó yá wọn lórúkọ ló tẹ̀ lé e, ẹni tó ṣe é kò sí níbẹ̀ rárá. Ó dà bí igi Gẹ̀lẹ̀dẹ́, oníjó ni gbogbo ọjà ń kì. Àmọ́ ní Kétu níbí, a máa ń mọ ẹni tó gbẹ́ igi náà. Ti Reilly pẹ́ púpọ̀ kí àwọn òpìtàn kẹ̀kẹ́ tó wá a jáde.

Láàárín, wọ́n ṣe jíà alùpùpù, wọ́n tilẹ̀ ṣe ẹ́ńjìnnì alùpùpù pẹ̀lú, wọ́n ṣe họ́ọ̀bù tó ń tan iná. Ní 1960, Raleigh àti gbogbo ohun tó ní bọ́ sọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ ńlá kan tó ń jẹ́ TI. Ìgbà yẹn ni ayé ń yí padà mọ́ wọn lọ́wọ́: Shimano ti Japan ti ṣe oní-mẹ́ta tirẹ̀ ní 1957, àwọn òyìnbó tó lówó sì wá ń fẹ́ vitẹ́ẹ̀sì tó ń fo lórí pìnyọ́ọ̀ púpọ̀ lóde. Ní 1987, TI ta Raleigh fún ilé-iṣẹ́ kan tó ń jẹ́ Derby. Ní 2000, Derby náà ta Sturmey-Archer fún àwọn kan tí wọn kò lò ó tó oṣù mélòó kan kó tó wó. Àwọn òṣìṣẹ́ Nottingham lọ sílé. Ilé-iṣẹ́ SunRace ti Taiwan ló wá ra orúkọ náà, wọ́n sì kó iṣẹ́ náà lọ sí Taiwan. Lára ilẹ̀ tí Raleigh wà tẹ́lẹ̀ ti di ilé ẹ̀kọ́ yunifásítì báyìí.

Nítorí náà, Taiwan kì í ṣe ayédèrú. Ibi tí ilé gan-an wà nìyẹn láti ohun tó lé ní ogún ọdún. Ẹ̀kọ́ tí mo fi owó kọ́ kejì nìyí. Ní nǹkan bí 2009, oníṣòwò kan gbé àpótí mẹ́ta wá láti Kútọnu, Taiwan wà lára wọn gàdàgbà. Mo pè é ní onírọ́ lójú àwọn oníbàárà mi. Lóṣù kan náà, mo ra òmíràn lọ́wọ́ ẹlòmíràn, torí pé wọ́n kọ England sí i. Kò pé oṣù méjì tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í pọ ìyẹ̀fun irin jáde, lẹ́tà England náà sì ń ṣí bí ọ̀dà. Ẹnikẹ́ni tó bá ní irin kíkọ lè kọ England. Èmi ni ó tàn jẹ.

Àmọ́ n kò wí pé kí ẹ sáré lọ ra ti Taiwan. Ẹ ka sípóòkù ẹ̀yìn ná. Raleigh àtijọ́ tó ti Nottingham wá, 40 ló sábà máa ń wà lẹ́yìn, 32 níwájú. Púpọ̀ nínú họ́ọ̀bù tuntun, 36 ni ihò wọn. Mo ti ra 36 fún rímù 40 rí. N kò kà á kí n tó sanwó, rímù tuntun ni mo fi tún un ṣe, èrè mi wọlẹ̀. Tí ọ̀gbẹ́ni yẹn bá gé sípóòkù yín lónìí, ọ̀la ló máa rí i pé fìríwíìlì tí òun fẹ́ fi sí i kò ní họ́ọ̀bù oní-40 tó máa gbà á.

Ohun inú ti tuntun náà kò kàn ń wọ inú ti àtijọ́ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ti tún un ṣe, wọ́n tiẹ̀ ti mú àlàfo tí mo wí yẹn kúrò. Bí sípíríǹgì tàbí ìkọ́ bá bàjẹ́ nínú tiyín, ẹ wá AW àtijọ́ mìíràn tí ara rẹ̀ ti fọ́, kí ẹ yọ inú rẹ̀. Pìnyọ́ọ̀ nìkan ló rọrùn: láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950, oní-eyín-mẹ́ta tí òrùka ń dì mú ni wọ́n ń lò, ti họ́ọ̀bù Shimano sì sábà máa ń wọ̀ ọ́. Èyí tó bá dàgbà jù bẹ́ẹ̀ lọ, ńṣe ni wọ́n ń yí i wọlé bí nọ́ọ̀tì. Ìgbà tí wọ́n ṣe é wà lára rẹ̀. “62 5” tí ẹ ní ó wà lára tiyín, oṣù Karùn-ún ọdún 1962 ni. Kì í ṣe nọ́ḿbà irin.

Ẹ nu ihò nọ́ọ̀tì yẹn mọ́, kí ẹ wò ó nínú ìmọ́lẹ̀, kí ẹ sì sọ ibi tí ọ̀pá náà dúró sí fún mi. Tí ẹ bá yí wáyà tí kò gbọ́, ẹ tú wíìlì ẹ̀yìn nìkan, ẹ fi ránṣẹ́ sí Kétu nínú táksí, ẹ fi kẹ̀kẹ́ sílé. Owó epo àti owó ohun tó bá bàjẹ́ nìkan ni màá gbà. Owó títú kò sí níbẹ̀, tíṣà yẹn ti san án.