Ẹ Bi Wá: HMCS Sackville, ọkọ̀ kékeré tó ṣọ́ àwọn ọkọ̀ ẹrù lójú òkun Àtìláńtíìkì

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀yin olóòtú, mo kà á pé HMCS Sackville, ọkọ̀ ogun Kánádà, kọlu ọkọ̀ abẹ́ omi Jámánì ní oṣù kẹjọ ọdún 1942, síbẹ̀ kò tẹ ọ̀kankan rì. Báwo ni àwọn ọkọ̀ abẹ́ omi náà ṣe bọ́ lọ́wọ́ gbogbo bọ́ǹbù tó jù sí wọn?

ÌDÁHÙN: Ọ̀wọ́ ọkọ̀ ON 115 ni Sackville ń ṣọ́ nígbà náà, nínú kùrukùru nítòsí Newfoundland. Alan Easton ni ọ̀gá ọkọ̀. Bọ́ǹbù abẹ́ omi Sackville ṣe ọkọ̀ abẹ́ omi Jámánì U-43 léṣe, ìbọn ńlá iwájú rẹ̀ sì ba òmíràn, U-552. U-552 ní láti padà sílé lọ tún ara ṣe. Ẹ má fojú kéré ìyẹn: ọkọ̀ abẹ́ omi tó ń wá ọ̀nà ilé kò lè pa ọkọ̀ ẹrù lára.

Ìṣirò ló jẹ́ kó ṣòro láti tẹ ọkọ̀ abẹ́ omi rì. Asdic, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wá ọkọ̀ abẹ́ omi, máa ń rán ìró sínú omi, ó sì ń gbọ́ èyí tó bá ta padà lára ọ̀tá. Iwájú ló kọjú sí. Bí ọkọ̀ bá ti sún mọ́ ọ̀tá tó wà ní ìsàlẹ̀ gan-an, ìró náà á gba orí rẹ̀ kọjá. Ìdí ọkọ̀ sì ni wọ́n ti ń ju bọ́ǹbù, lẹ́yìn tí ọkọ̀ bá kọjá. Bọ́ǹbù ń rì ní nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 10 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Kó tó dé ẹsẹ̀ bàtà 150, ìṣẹ́jú àáyá 15 ti lọ. Láàárín ìyẹn, ọ̀tá tó ń rin náọ́ọ̀tì 4 (náọ́ọ̀tì ni wọ́n fi ń wọn eré ọkọ̀ ojú omi) ti sún tó ẹsẹ̀ bàtà 100. Bẹ́ẹ̀ bọ́ǹbù ní láti bú ní nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 20 sí ara rẹ̀ kó tó lè ya á. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń jù ú lọ́pọ̀ lẹ́ẹ̀kan, tí ìjìnlẹ̀ wọn sì ń yàtọ̀. Bó bá sì bú tán, omi á dàrú, asdic kò ní gbọ́ nǹkan kan fún ìṣẹ́jú bíi mélòó kan.

Ọkọ̀ tó bá ń falẹ̀ tún lè ṣe ara rẹ̀ léṣe. Bí wọ́n bá ní kí bọ́ǹbù bú ní ẹsẹ̀ bàtà 50, ìṣẹ́jú àáyá 5 péré ni ọkọ̀ ní láti fi sá. Ní náọ́ọ̀tì 16, ó ti lọ tó ẹsẹ̀ bàtà 135. Ní náọ́ọ̀tì 10, kò ju 85 lọ.

ÌBÉÈRÈ: Kí ló dé tí wọ́n yọ Sackville kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ìṣọ́ ní 1944, nígbà tí ogun kò tíì parí?

ÌDÁHÙN: Bọ́ílà ni, ìyẹn ìkòkò ńlá tó ń se omi di ooru. Méjì ló ní, ẹ̀rọ kan ṣoṣo ni wọ́n ń fún ní ooru omi, àjẹ̀ ẹ̀rọ kan ló sì ń tì í. Nígbà tí ọ̀kan bẹ̀rẹ̀ sí í jò, tí àtúnṣe kò sì ràn án, eré rẹ̀ dín kù. Ọkọ̀ tó bá lé ọ̀tá lọ gbọ́dọ̀ lè sáré bá ọ̀wọ́ rẹ̀ padà, ìyẹn kò sì ṣeé ṣe mọ́. Wọ́n wá fi í tẹ́ okùn wáyà sí ìsàlẹ̀ òkun. Bí ọkọ̀ onírin bá gba orí okùn náà kọjá, iná díẹ̀ á sáré nínú rẹ̀, àwọn tó wà ní èbúté á mọ̀. Iṣẹ́ yẹn kò nílò eré.

Lẹ́yìn ogun, ó ṣiṣẹ́ ìwádìí títí di 1982. Òun nìkan ló kù nínú gbogbo corvette (ọkọ̀ ogun kékeré tó ń ṣọ́ ọ̀wọ́ ọkọ̀) irú Flower, Halifax ní Kánádà ló wà. Bí ẹ bá rí àwòrán rẹ̀ lónìí, ẹ rántí pé ìrísí 1944 ni wọ́n dá padà fún un: wọ́n ti fa ilé iwájú rẹ̀ gùn. Ní 1942, kúkúrú ni, ìgbì sì ń ya wọlé bá àwọn atukọ̀.