Ẹ Bi Wá: Ìrántí Màmá Mi àti ti Bọ̀dá Kò Bára Mu

ÌBÉÈRÈ: Màmá olóòtú, okun o. Ọ̀ṣọ́dì ni ìyá mi ń gbé nígbà tí bọ́ǹbù dún ní bárékè Ìkẹjà ní ọdún 2002, àbúrò wọn obìnrin sì bá ọ̀rọ̀ náà lọ. Láti ìgbà tí wọ́n ti padà sí Ìyàrá, bí wọ́n bá sọ̀rọ̀ rẹ̀, wọ́n á ní oòrùn kò tíì wọ̀, àti pé orí koríko ni àbúrò wọn ń sá lọ tí ilẹ̀ fi là, tó sì gbé e mì. Bọ̀dá, àbúrò bàbá mi, tí àwọn náà wà ní Èkó nígbà náà, ní alẹ́ ni, odò sì ni, kì í ṣe ilẹ̀. Mo fẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀ fún àwọn ọmọ mi. Ta ni kí n gbà gbọ́? Ṣé kò sì ní jẹ́ pé egbò tó ti jinná ni mo ń họ?
Ọmọ Ìyàrá, Kàbbà.

ÌDÁHÙN: Ẹ gba àwọn méjèèjì gbọ́. Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 27 oṣù Kìíní ọdún 2002, ni iná ran àwọn ohun ìjà tí wọ́n kó pamọ́ sí bárékè náà, ní nǹkan bí aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ tí oòrùn ṣì wà lókè. Ṣùgbọ́n ìbúgbàmù náà kò dáwọ́ dúró títí ilẹ̀ fi ṣú, tó fi jẹ́ pé ẹni tó bẹ̀rẹ̀ sí sá ní alẹ́ kò purọ́ bó bá ní alẹ́ ni. Ní ti koríko, kánààlì Òkè-Àfà, lágbègbè Ìsọlọ̀ àti Ẹ̀jìgbò, ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó lé ní 1,000 tó kú ti pàdánù ẹ̀mí wọn, ewé tó ń léfòó bí ojú oró sì ti bo omi náà débi pé ẹni tó ń sá bọ̀ nínú òkùnkùn yóò rò pé pápá ni. Ohun tí ojú màmá yín rí ni wọ́n ń sọ.

Èmi náà wà ní Mushin lọ́jọ́ yẹn. Mò ń ro ẹ̀bà lọ́wọ́ nígbà tí gíláàsì fèrèsé já lulẹ̀. Ẹnì kan kígbe pé àwọn sójà ti gbàjọba, gbogbo wa sì tú síta. Ó dá mi lójú pé orógùn ni mo mú lọ́wọ́ títí di ọ̀gànjọ́. Àbúrò mi tí a jọ sá búra pé Bíbélì ni, a kò sì tíì parí ìjà náà títí dòní. Fóònù alágbèéká kò tíì dé ọ̀dọ̀ wa nílé nígbà náà. Rédíò ni wọ́n fi gbọ́, bàbá mi sì lọ jókòó sí gáréèjì Kàbbà fún ọjọ́ mẹ́ta, tí wọ́n ń bi gbogbo awakọ̀ tó ti Èkó dé bóyá ó rí wa. Nígbà tí mo sọ̀ kalẹ̀, wọ́n kàn fọwọ́ kan orí mi, wọ́n sì gbé àpò mi. Títí wọ́n fi kú, wọn kò bi mí léèrè ohunkóhun nípa ọjọ́ náà, ó sì dùn mí.

Nítorí náà, ẹ bi màmá yín, ṣùgbọ́n ẹ má jókòó tì wọ́n bí akọ̀wé kóòtù. Nígbà tí ẹ bá jọ ń bó ẹ̀gúsí, ẹ béèrè ohun kékeré: ta ló kọ́kọ́ gbọ́ ariwo, kí ló wà lórí iná, ọ̀nà wo ni wọ́n gbà. Bí wọ́n bá gbà, ẹ gba ohùn wọn sórí fóònù, kí ẹ sì kọ ọ́ ní ẹ̀ka-èdè Ìjùmú gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe sọ ọ́. Ẹ kọ ti bọ̀dá sójú ewé ọ̀tọ̀, nítorí bí ẹ bá fi ọ̀kan tún èkejì ṣe, ìtàn ẹnì kẹta tí kò sí níbẹ̀ ni ẹ ó kọ. Bí màmá bá dákẹ́, ẹ dákẹ́. Bí oorun bá ń dá lójú wọn lẹ́yìn náà, ẹ fi í sílẹ̀, kí ẹ sì mú wọn lọ rí dókítà. Ibi ìrántí kan wà ní Òkè-Àfà. Ẹ má mú wọn lọ síbẹ̀ àyàfi bí àwọn fúnra wọn bá béèrè.

Ẹ bi wọ́n pẹ̀lú nípa àbúrò wọn kí ọjọ́ náà tó dé: orúkọ tí wọ́n ń pè é nílé, ohun tó ń tà, ohun tó máa ń pa á lẹ́rìn-ín. Nínú lẹ́tà yín, ẹ kò dárúkọ rẹ̀.