Ọ́síjìn ni kí ẹ kọ́kọ́ wò kí ẹ tó dá ìwọ̀n ìtànṣán lẹ́bi

Ẹ béèrè ìdí tí àwọn ohun èlò oníke polypropylene tí ẹ fi ìtànṣán gámà pa kòkòrò ara wọn fi dára lọ́jọ́ tí wọ́n dé, àmọ́ tí wọ́n ń ṣẹ́ lọ́wọ́ lẹ́yìn oṣù mélòó kan, nígbà tí ìwé wọn fi hàn pé 25 kGy tí ẹ fẹ́ gan-an ni wọ́n gbà (kGy, ìyẹn kilogray tàbí 1,000 Gy, ni a fi ń wọn ìtànṣán tí nǹkan gbà). Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ṣiṣẹ́ nídìí kóbáltì-60, èyí tí ìtànṣán gámà ti ń jáde, irú ẹjọ́ yìí kò sì ṣàjèjì sí mi rárá. Ó ṣeé ṣe kí ìwọ̀n ìtànṣán náà má ní àléébù kankan. Ọ̀nà tí ọ́síjìn gbà wọlé ni mo rọ̀ yín kí ẹ wá.

Kì í ṣe ooru ni ìtànṣán fi ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀. 25 kGy tó ń pa kòkòrò àìfojúrí yìí kò lè mú omi gbóná ju nǹkan bíi 6°C lọ. Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń já ẹ̀lẹ́ktírọ́ọ̀nù kúrò lára mólékù, á sì sọ wọ́n di rádíkà, tí kì í sinmi títí yóò fi rí nǹkan mìíràn tí yóò dì mọ́. Nínú omi, kíá ni rádíkà ń pàdé ara wọn tí wọ́n sì ń tán. Nínú ike tó le, wọn kò rí ibi lọ: wọ́n há sí apá ibi tí àwọn mólékù ti tò tímọ́tímọ́, ọ́síjìn sì ń wọlé tọ̀ wọ́n díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù. Níbi tí ó bá ti kan wọ́n, peroxide, ìyẹn èròjà ọlọ́síjìn tó rọrùn láti tú, ni yóò dá sílẹ̀. Peroxide náà yóò tú, yóò bí rádíkà tuntun, àwọn mólékù gígùn tó fún ike lágbára yóò sì máa já nìṣó. Ìdí nìyẹn tí àyẹ̀wò ọjọ́ kìn-ín-ní kò fi lè fi ohunkóhun hàn yín.

Ibi tí agbára ọ́síjìn ti hàn sí mi jù ni omi Fricke tí a fi ń wọn ìtànṣán, èyí tí Fricke àti Morse gbé kalẹ̀ ní ọdún 1927, níbi tí irin tó wà nínú ásíìdì ti ń kúrò ní ipò Fe2+ bọ́ sí Fe3+ bí ìtànṣán bá kàn án. Bí afẹ́fẹ́ bá wà nínú omi náà, 15.5 Fe3+ ló ń jáde fún 100 eV (eV jẹ́ òṣùwọ̀n agbára tó kéré gan-an) tí ó bá gbà. Bí a bá lé ọ́síjìn jáde, ó di 8.2, bẹ́ẹ̀ ìtànṣán kan náà ni. Òun ló fà á tí a kì í fi í wọn ohun tó ju 400 Gy lọ, torí ọ́síjìn inú rẹ̀ á ti máa tán. Mo sì ti rí i tí ìdọ̀tí ọlọ́ràá kínún lára ìgò mú kí ìṣirò fò sókè, tí gbogbo ènìyàn ń fura sí kóbáltì. N kì í gba èsì Fricke lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni mọ́ láìbéèrè bí wọ́n ṣe fọ ìgò.

Bákan náà ló rí nínú ara alààyè. Gray, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe òṣùwọ̀n ìtànṣán (Gy), àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ̀wé ní ọdún 1953 lórí ọ́síjìn àti ìtọ́jú jẹjẹrẹ: sẹ́ẹ̀lì tí kò rí ọ́síjìn lè nílò ìtànṣán tó tó ìlọ́po 2.5 sí 3 kí ó tó kú.

Ní ti ike yín, ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á bóyá ó fi èròjà tí ń dènà ìfọ́ sí i nítorí ìtànṣán, torí polypropylene lásán kò yẹ fún iṣẹ́ yìí. Bí ohun èlò náà kò bá nípọn jù, ẹ̀rọ tó ń ta ẹ̀lẹ́ktírọ́ọ̀nù sàn ju gámà lọ: ìṣẹ́jú àáyá ló fi ń ṣe ohun tí gámà ń fi ọ̀pọ̀ wákàtí ṣe, ọ́síjìn kì í sì í ráyè wọlé tó bẹ́ẹ̀ lákòókò iṣẹ́. Àwọn tó ń ṣe polyethylene fún oríkèé ìbàdí àtọwọ́dá ti mọ èyí. Wọ́n ń yọ́ ọ lẹ́yìn ìtànṣán kí àwọn rádíkà tó há sínú rẹ̀ lè parẹ́. Polypropylene tí a ti mọ sí ìrísí kò ṣeé yọ́ bẹ́ẹ̀, nítorí náà ẹ kó díẹ̀ nínú ọjà kọ̀ọ̀kan sínú ibi tó móoru fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kí ẹ tún tẹ̀ wọ́n wò kí ẹ tó fi ọwọ́ sí i pé wọ́n dára.