Kòkòrò tó ń jẹ obì: ta ni, báwo ló sì ṣe dé inú ibẹ̀?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Mọ̀pà ni mo ń gbé. Níbi ìpàdé ẹbí wa, owó tí a kó jọ dín, bàbá kan sì sọ pé, "Kòkòrò tó ń jẹ obì, inú obì ló wà." Gbogbo ilé dákẹ́. Kí ni òwe yẹn ń sọ gan-an? Ṣé kòkòrò náà wà lóòótọ́, àbí wọ́n kàn fi pòwe ni? Ohun tó jẹ́ kí n bèèrè ni pé àgbàdo tí mo kó pamọ́ ti kún fún kòkòrò kékeré kan tí ẹnu rẹ̀ gùn. Ṣé òun náà ni?

Ìdáhùn: Ọ̀kún o, àbúrò mi. Jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ti ìpàdé yẹn kí ọkàn rẹ lè balẹ̀. Ohun tí bàbá ń sọ ni pé kí ẹnikẹ́ni má wá olè lọ síta. Ẹni tó mọ ibi tí owó wà, tó mọ ìgbà tí wọ́n ń ṣí àpótí, tí ẹnikẹ́ni kò fura sí, òun ni kí wọ́n wá. Bàbá kò dárúkọ ẹnì kankan, kò sì na ìka sí ọ. Ìdí tí ilé fi dákẹ́ nìyẹn: kálukú ń wo ẹni tó jókòó tì í.

Àwọn mìíràn máa ń fi ẹ̀fọ́ pa á: "Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló ń gbé." Ọ̀pọ̀ ló gbà pé ọ̀kan náà ni àwọn òwe méjèèjì. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Kòkòrò ẹ̀fọ́, bí o bá ti yí ewé padà, wàá rí i. Ti obì kò rí bẹ́ẹ̀. O lè ṣa obì, kí o fọ̀ ọ́, kí o nù ún, kí o tò ó sínú àwo níwájú àwọn àna, kí ó máa dán gbinrin. Ìgbà tí àgbà bá mú un láti fi ṣàdúrà, tó sì là á, ni àṣírí á tó tú. Nítorí náà òwe ẹ̀fọ́ yẹ ẹni tí gbogbo ayé ti mọ̀ pé ó ń run ilé. Ti obì yẹ ẹni tí a kò tíì mọ̀. Bàbá yẹn mọ ohun tó ń ṣe nígbà tó mú obì.

Kòkòrò náà wà, kì í ṣe òwe lásán. Àwọn onímọ̀ kòkòrò ń pè é ní Balanogastris kolae. Àwọn ìbátan rẹ̀ kan wà tí orúkọ ẹ̀yà wọn ń jẹ́ Sophrorhinus, wọ́n jọ ń ba obì jẹ́ ni. Kò tó hóró ìrẹsì. Ìdílé tó ti wá ni Curculionidae, ìdílé kan tí oríṣi kòkòrò inú rẹ̀ lé ní 50,000 káàkiri ayé. Èyí tó wà nínú àgbàdo rẹ kì í ṣe òun gan-an, ṣùgbọ́n ìdílé kan náà ni wọ́n. Tìrẹ ń jẹ́ Sitophilus zeamais. Kódà ìdin ńlá tí àwọn ẹlẹ́mu ń rí nínú igi ọ̀pẹ, tí àwọn kan ń dín jẹ, ẹ̀gbọ́n wọn ni. Ẹnu gígùn ló so gbogbo wọn pọ̀, ẹnu yẹn náà ló sì ń gbé wọn wọ inú ohun tí wọ́n ń jẹ.

Ti àgbàdo ni màá fi ṣàlàyé, nítorí òun ló wà lọ́wọ́ rẹ. Mú ẹyọ kan kí o gbé e sórí ìwé funfun. Yóò kọ́kọ́ kú mọ́ ọ lọ́wọ́: á ká ẹsẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà mọ́ àyà, á sùn gbalaja, kò ní mira. Irọ́ ló ń pa. Fi í sílẹ̀ díẹ̀, á dìde, á sì máa bá tirẹ̀ lọ. Bí o bá rí awò kékeré tí àwọn tó ń tún aago ṣe máa ń fi sójú, yá a. Bí kò bá sí, kámẹ́rà fóònù tó lè fa nǹkan súnmọ́ náà tó.

Gígùn rẹ̀ kì í sábà ju mìlímítà 3 sí 4 lọ. Àwọ̀ rẹ̀ pọ́n, ó sì ń lọ sí dúdú. Ìyẹ́ líle méjì ló bo ẹ̀yìn rẹ̀, àmì mẹ́rin tó pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́ sì wà lórí wọn, méjì lápá òkè, méjì nísàlẹ̀. Lára èyí tó ti gbó, àmì náà lè ṣókùnkùn débi pé o ní láti gbé e síbi tí oòrùn wà kí o tó rí i. Abẹ́ ìyẹ́ líle yẹn ni ìyẹ́ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó fi ń fò wà, ó sì ń fò dáadáa. Láàárín orí àti ìyẹ́, ẹ̀yìn àyà rẹ̀ kún fún ojú ihò wẹ́wẹ́ róbótó tí wọ́n fún mọ́ra.

Ẹnu rẹ̀ ni kí o wá tẹjú mọ́. Orí rẹ̀ ló na ara síwájú bí ọwọ́jà erin, tó sì tẹ̀ wálẹ̀ díẹ̀. Àwọn ènìyàn máa ń rò pé ó ń fi í fa omi ara oúnjẹ ni, bí ẹ̀fọn ṣe ń fa ẹ̀jẹ̀. Rárá o. Eyín rẹ̀ wà ní ṣóńṣó ọwọ́jà yẹn gan-an, ó kéré, ó sì mú. Gígé ló ń gé, jíjẹ ló ń jẹ. Ẹ̀gbẹ́ ọwọ́jà náà ni ìwo rẹ̀ méjèèjì ti yọ, oríkèé mẹ́jọ ló sì wà lára ìwo kọ̀ọ̀kan. Oríkèé àkọ́kọ́ gùn, àwọn tó kù kúrú, ìgbọ̀nwọ́ wà níbi tí wọ́n ti pàdé, orí ìwo náà sì wú. Ìgbọ̀nwọ́ yẹn ní iṣẹ́ tó ń ṣe. Ojú kòtò tóóró kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu, níbi tí kòkòrò náà máa ń ká apá gígùn ìwo rẹ̀ sí kó má baà dí i lọ́wọ́ nígbà tó bá ń ki ẹnu bọ inú hóró. Ó yà mí lẹ́nu pé ohun tó kéré tó báyìí ní ibi tó ń tọ́jú ìwo sí.

O tún lè fi ẹnu mọ akọ yàtọ̀ sí abo. Ẹnu akọ kúrú, ó ki, ara rẹ̀ kò sì dán. Ti abo gùn, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó ń dán. Abo ló kúkú ní iṣẹ́ ńlá tó ń fi ẹnu ṣe. Á lu ihò tóóró sára hóró àgbàdo, á yí ìdí padà, á yé ẹyin ẹyọ kan ṣoṣo síbẹ̀, á sì fi ohun kan tó ń yọ lára rẹ̀ dí ojú ihò náà. Bí ohun náà bá ti gbẹ, ojú lásán kò lè rí ibẹ̀ mọ́. Á tún lọ sórí hóró mìíràn. Ẹyin tí abo kan lè yé ní ayé rẹ̀ ju 100 lọ.

Ìdin tó bá jáde látinú ẹyin náà funfun, ó ká kò, orí rẹ̀ nìkan ló pọ́n. Kò lẹ́sẹ̀ rárá. Kí ni yóò fi ẹsẹ̀ ṣe? Àárín oúnjẹ ni ìyá rẹ̀ bí i sí. Inú hóró kan yẹn ni yóò ti jẹun, tí yóò ti dàgbà, tí yóò ti para dà di kòkòrò tó ní ìyẹ́. Níbi tí ooru bá wà ní nǹkan bíi 27 lórí òṣùwọ̀n Celsius, gbogbo rẹ̀ ń gba nǹkan bí ọjọ́ 35. Ìgbà náà ni yóò wá gé ara hóró láti inú, tí yóò sì jáde.

Èyí túmọ̀ sí pé ihò tí ò ń rí lára àgbàdo, ihò tí kòkòrò gbà jáde ni, kì í ṣe ihò tó gbà wọlé. Ẹni tó bá ń ṣa hóró tó ti lu dànù, tó ń pa hóró tí kò lu mọ́, lè jẹ́ pé kòkòrò gan-an ló ń pa mọ́. Da díẹ̀ sínú omi kí o rí i: ọ̀pọ̀ èyí tí ìdin ti jẹ inú rẹ̀ á léfòó, bí ojú ara wọn tilẹ̀ mọ́. Mo rò pé àwọn tó kọ́kọ́ pa òwe yìí ti la obì tó pọ̀ tí ihò kankan kò sí lára rẹ̀.

Ó yẹ kí n sọ ọ̀rọ̀ kan nípa obì fúnra rẹ̀, nítorí àwọn kan lọ́dọ̀ wa ń sọ pé obì ló ń bí kòkòrò náà. Obì kì í bí kòkòrò. Èèpo òde tó bo àwọn hóró obì nípọn, kòkòrò kékeré yẹn kì í sì í sábà rí i lu. Ojú ọgbẹ́ ló ń bá wọlé, tàbí ihò tí ìdin eṣinṣin kan tó ń jẹ èso obì ti dá sílẹ̀, tàbí kó jẹ́ pé èso náà ti pọ́n jù lórí igi tó fi là, tàbí tó já bọ́ sílẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò ṣà á. Ẹni tó ní obì lóko ní apá Ìjùmú tàbí Kàbbà, tó sì tètè ká a kó tó là, ti gbé ìdajì ìjà náà ṣe. Òwe mìíràn ló bá ibí yìí mu: bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè ráyè wọ̀ ọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni àgbàdo. Láti oko ni kòkòrò ti ń bà lé e, pàápàá àgbàdo tí háhá rẹ̀ kò bo orí rẹ̀ tán.

Má fi orúkọ kan pe gbogbo ohun tó bá ń rìn nínú oúnjẹ. Èyí tó wà nínú ẹ̀wà, Callosobruchus maculatus, kì í ṣe ọmọ ìdílé yìí rárá. Kò ní ẹnu gígùn, ìyẹ́ rẹ̀ kúrú débi pé ìdí rẹ̀ yọ síta, ara ẹ̀wà lóde ni ó sì ń lẹ ẹyin funfun rẹ̀ mọ́. Bó bá ti jáde tán, kì í jẹ ẹ̀wà gbígbẹ mọ́. Kí ó gun ara, kí ó yé ẹyin, kí ó kú ló kù. Èyí tó pupa, tó pẹlẹbẹ, tó ń sáré nínú èlùbọ́ àti ìyẹ̀fun, Tribolium castaneum ni. Ohun tí a ti lọ̀ tàbí tó ti fọ́ ló fẹ́ràn, òwe obì kò kàn án. Bí o bá sì rí i pé àgbàdo tàbí pákí gbígbẹ rẹ ń di lẹ́búlẹ́bú, tí kòkòrò inú rẹ̀ gùn róbótó, tí orí rẹ̀ sá pamọ́ sábẹ́ àyà, Prostephanus truncatus nìyẹn. Àlejò ni, láti Amẹ́ríkà ló ti wá, wọ́n sì rí i ní Tógò ní 1984 kó tó tàn ká apá tiwa.

Èyí tó le jù láti yà sọ́tọ̀ ni Sitophilus oryzae, tí wọ́n ń pè ní ti ìrẹsì. Àwọ̀ kan náà, àmì mẹ́rin kan náà, ẹnu kan náà. Oúnjẹ tí o bá a nínú rẹ̀ kò lè là á, nítorí ti ìrẹsì ń jẹ àgbàdo, ti àgbàdo sì ń jẹ ìrẹsì. Ti àgbàdo sábà máa ń tóbi jù, ṣùgbọ́n mi ò ní gbẹ́kẹ̀ lé ìyẹn. Ó pẹ́ tí àwọn onímọ̀ fúnra wọn fi ń da àwọn méjèèjì pọ̀. Ohun tí wọ́n ń ṣe báyìí ni pé wọ́n á tú akọ, wọ́n á wo nǹkan ọkùnrin rẹ̀ lábẹ́ awò ńlá: ti Sitophilus zeamais ní ojú kòtò tóóró méjì tó gùn lórí rẹ̀, ti Sitophilus oryzae sì dán gbọnrangandan. Ìyẹn kì í ṣe iṣẹ́ inú ilé.

Ní ti àgbàdo tó ṣẹ́ kù, sá a sórí àpáta nínú oòrùn títí yóò fi gbẹ dáadáa, kí o jẹ́ kó tutù, kí o wá dà á sínú kẹ́ẹ̀gì tó dé pinpin tí afẹ́fẹ́ kò ní wọ̀. Má da oògùn olómi inú ìgò kékeré tí wọ́n fi ń pa ẹ̀fọn sí i, ẹnikẹ́ni tó wù kó sọ fún ọ pé òun ń lò ó.

Bí o bá sì fẹ́ kí n bá ọ wo kòkòrò náà, ya ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kí ẹnu àti ìwo hàn, kí o tún ya ẹ̀yìn rẹ̀ kí àmì mẹ́rin hàn, kí o sì gbé hóró àgbàdo kan tì í. Àwòrán tí wọ́n bá yà látòkè nìkan kì í jẹ́ ká rí ẹnu.