Ṣé igbe ogun àwọn Ìjẹ̀ṣà ni "Kírìjì" tí wọ́n fi sọ Ogun Kírìjì lórúkọ?

Rárá o, ẹnikẹ́ni ò ké e. Ìró ìbọn ni. Ìmẹ̀sí-Ilé ni Èkìtìparapọ̀ (àwọn Èkìtì, Ìjẹ̀ṣà àtàwọn tó dara pọ̀ mọ́ wọn láti bá Ìbàdàn jà) tẹ̀dó sí, Ògèdèngbé ará Iléṣà ni olórí ogun wọn. Àwọn Ìbàdàn wà ní Ìgbájọ, òkè sì yí ibẹ̀ ká.

Ṣakabùlà, ìbọn àtijọ́, máa ń fi àkókò ṣòfò: wọ́n á da ẹ̀tù sí i lẹ́nu, wọ́n á fi ọ̀pá kì í mọ́lẹ̀, bí ẹ̀tù bá sì ti rin, kò ní í dún rárá. Ṣùgbọ́n ìbọn tuntun tí àwọn ọmọ Èkìtìparapọ̀ tó wà l'Ékòó fi ránṣẹ́, ẹ̀yìn ni wọ́n ti ń ki ọta sí i. Wọ́n ń yìn ín léraléra, òkè ń dá ìró rẹ̀ padà: kírìjì, kírìjì! (Ẹ̀rù á ba èèyàn lóòótọ́.) 1877 ni ogun náà bẹ̀rẹ̀, wọ́n tọwọ́ bọ àdéhùn ní 1886, àmọ́ 1893 ni ibùdó tó tú.