Èsì: tẹlifíṣọ̀n íńṣì 43 tàbí 55 fún pálọ̀ Ìkòròdú?

Ẹ̀gbọ́n, ẹ bi wá pé tẹlifíṣọ̀n wo ni kí ẹ rà sí pálọ̀ yín: ẹ ra íńṣì 43. Ẹ ní ẹsẹ̀ bàtà 6 péré ló wà láàárín àga àti ògiri. 55 á ti súnmọ́ ojú jù. Àyàfi bí ẹ bá lè sún àga sẹ́yìn dé bíi ẹsẹ̀ bàtà 7 àbọ̀. Láti igun òkè ní apá kan dé igun ìsàlẹ̀ ní apá kejì ni wọ́n ń wọn íńṣì o, kì í ṣe fífẹ̀.

Ní ti iná tó ń lọ sókè-sódò tí ẹ̀ ń bẹ̀rù, ẹ wo ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n náà. Bí wọ́n bá kọ 100–240V síbẹ̀, iná tó rẹlẹ̀ díẹ̀ kò ní dà á láàmú. Iná tó bá ṣàdédé fò sókè ló ń jó o, torí náà ẹ má ta stabilizer yín. Wáàtì rẹ̀ náà wà níbẹ̀. Ẹ fi wé ohun tí inverter yín lè gbé.

Bí ẹ bá dé Sábó láti rà á, ẹ mú fídíò tiyín dání lórí flash. Èyí tí wọ́n ń fi hàn ní ṣọ́ọ̀bù, kò sí tẹlifíṣọ̀n tí kì í dán lójú rẹ̀! Kí wọ́n gbé àwòrán funfun báláú síbẹ̀, kí ẹ wá àmì dúdú tótó.

Ẹ ka iye ihò HDMI tó ní, ìyẹn ihò tí wọ́n ń ki wáyà àwòrán àti ohùn bọ̀: decoder gba ọ̀kan, géèmù àwọn ọmọ gba ọ̀kan.

Bí ẹ bá ń gbé e lọ sílé nínú kẹ̀kẹ́ Márúwá, òòró ni kí páálí tẹlifíṣọ̀n náà wà. Wọn ò gbọdọ̀ tẹ́ ẹ sílẹ̀.