Pọ́ǹpù Yín Ò Tíì Bàjẹ́ O, Ebi Iná Ló Ń Pa Á

Ẹ BÉÈRÈ, Ẹ GBỌ́: ojú ìwé àwọn òǹkàwé wa lórí mọ́tò, ẹ̀rọ àti nǹkan ilé

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìjẹ̀bú-Igbó ni mo ti ń kọ̀wé. Àbúrò ọkọ mi tó wà l'Amẹ́ríkà ló fi motorhome tọ́kùnbọ̀ kan ránṣẹ́ sílé, bọ́ọ̀sì ńlá tó ní bẹ́ẹ̀dì, kíṣìnì, bálùwẹ̀ àti tọ́lẹ́ẹ̀tì nínú, torí tó bá ti di àsìkò Ojúde Ọba, hòtẹ́ẹ̀lì kì í rọrùn rí n'Ìjẹ̀bú-Òde, ó ní ká máa gbé e lọ kí òun àtàwọn rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ òun máa rí ibi múra. Mọ́tò náà dáa, táńkì ìgbẹ́ tó wà lábẹ́ ẹ̀ ló ń kó wa lọ́kàn sókè. Họ́ọ̀sì gbàǹgbà tó bá a wá ò wúlò nílé wa, ẹ̀yìnkùlé la máa ń páàkì sí, iwájú ilé ni sọ́kàwéè wà, ibẹ̀ sì ga ju ibi tí mọ́tò wà lọ. Púlọ́ḿbà wa kọ́kọ́ gbé pọ́ǹpù tí wọ́n fi ń fa omi kànga sí i, tíṣù dí i pa lọ́jọ́ tó débẹ̀. Àbúrò ọkọ mi wá fi èyí tí wọ́n ń pè ní macerator ránṣẹ́, oníná tó wáyà ilé wa ló bá wa so ó. Tá a bá ti tẹ̀ ẹ́ báyìí á máa kùn hùùù, kò ní fa nǹkan kan, tó bá ṣe díẹ̀ fíúsì á jó. Wọ́n ní ká lọ ra òmíràn. Ṣé ká rà á? Irú họ́ọ̀sì wo la máa lò, báwo la sì ṣe máa to gbogbo ẹ̀ tí ò fi ní dójú tì wá níwájú àlejò? Ẹ ṣé o. Ìyàwó ilé, Ìjẹ̀bú-Igbó.

Ìdáhùn: Àǹtí wa, ẹ má tíì ná kọ́bọ̀ lórí pọ́ǹpù míì. Gbogbo nǹkan tẹ́ ẹ kà sílẹ̀ yìí, kíkùn tó ń kùn tí ò fà, fíúsì tó ń jó, ó jọ pé iná tó yẹ kó dé ọ̀dọ̀ pọ́ǹpù ni ò dé ibẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ra tuntun tẹ́ ẹ sì so ó mọ́ wáyà àná, òun náà á kùn.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ rèé. Abẹ wà lẹ́nu pọ́ǹpù yẹn tó ń gé ìgbẹ́ àti tíṣù wẹ́wẹ́ títí á fi ṣàn bí omi, lẹ́yìn abẹ yẹn ni róbà ẹlẹ́sẹ̀ púpọ̀ kan wà tó ń yí, òun ló ń ti omi ìdọ̀tí jáde sínú họ́ọ̀sì tínrín. Ìdí nìyẹn tó fi lè gbé e gòkè. Họ́ọ̀sì gbàǹgbà oní-íǹṣì 3 tó bá mọ́tò wá ò lágbára kankan lára, ó fẹ́ kí ilẹ̀ dà gẹ̀rẹ̀ kí nǹkan lè fúnra ẹ̀ ṣàn lọ, bí wọ́n sì ṣe ń lò ó lọ́hùn-ún nìyẹn, ihò ìdalẹ̀ wà nínú ilẹ̀ fún un ní àwọn ibi tí wọ́n ń páàkì sí. Pọ́ǹpù kànga ní tiẹ̀, omi mímọ́ ló mọ̀ ọ́n fà, ẹ má tún dán an wò mọ́.

Ọ̀rọ̀ iná wàyí, ibẹ̀ sì ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ fara balẹ̀ sí jù. Iná bátìrì, fóòtì 12, ni pọ́ǹpù yìí ń lò, tó bá sì ń ṣiṣẹ́ gidi ó lè fa ámísì 15 títí dé 20 (ámísì ni ìwọ̀n iná tó ń gba inú wáyà kọjá, òun ló ń sọ bí wáyà ṣe gbọ́dọ̀ nípọn tó). Ámísì 20 ní fóòtì 12, wátì 240 nìyẹn. Tó bá jẹ́ iná NEPA ti fóòtì 230 ni, wátì 240 yẹn ò ju ámísì kan àti díẹ̀ lọ, wáyà 1.5mm tí wọ́n fi ń wáyà gílóòbù máa gbé e láìlàágùn. Oníná ilé wo wátì, ó rí i pé kékeré ni, ó bá fa wáyà gílóòbù lọ sídìí pọ́ǹpù. Kò mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é, iná ilé ló mọ̀, ti mọ́tò yàtọ̀.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀. Ká ní bátìrì wà níwájú, táńkì wà lẹ́yìn, wáyà rin mítà 6 lọ, ó rin mítà 6 bọ̀, gbogbo ẹ̀ 12. Tí ámísì 20 bá ń gba inú wáyà 1.5mm kọjá, wáyà nìkan á jẹ tó fóòtì 3 dín díẹ̀ lójú ọ̀nà. Bátìrì yọ̀ǹda 12.5, ohun tó dé ọ̀dọ̀ pọ́ǹpù ò pé 10. Wáyà 2.5mm á jẹ fóòtì kan àti ààbọ̀ ó lé, 6mm á jẹ nǹkan bí 0.7, 10mm ò ní jẹ tó ààbọ̀ fóòtì. 10mm ni kẹ́ ẹ rà, tówó ò bá tó, ẹ má jẹ́ kó kéré sí 6mm, wáyà kọ́pà gidi o, kì í ṣe ti alumíníọ̀mù tí wọ́n fi àwọ̀ kọ́pà bò. Ẹ́ńjìnnì pọ́ǹpù tí iná ò bá tó fún kò ní lè yí, èyí tí ò bá sì yí, ńṣe ni ámísì tó ń fà á máa pọ̀ sí i, fíúsì á lọ.

Ẹ pe rìwáyà, ìyẹn oníná mọ́tò, kó mú mítà tó fi ń wọn iná dání, kó fi ẹnu mítà sí ìdí pọ́ǹpù gan-an, kí ẹnì kan wá tẹ súwíìṣì. Ìgbà tí súwíìṣì wà ní títẹ̀ yẹn ni kó ka mítà. Tó bá tú wáyà kúrò lára pọ́ǹpù kí wọ́n tó tẹ súwíìṣì, tó wá kà á lẹ́nu wáyà, 12.5 lẹ máa rí kódà kí wáyà tínrín bí òwú, ẹ̀ẹ́ sì rò pé kò sóhun tó ṣe iná. Tó bá já wálẹ̀ sí 10 tàbí 9 lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ẹ ti mú olè nìyẹn.

Tí iná bá tó tí pọ́ǹpù ò tún yí, á jẹ́ pé róbà inú ẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ ara irin, ìyẹn wọ́pọ̀ lára pọ́ǹpù tó bá ti pẹ́ ní gbígbẹ, èyí tó sì gba orí òkun wá ti pẹ́ ní gbígbẹ. Ẹ yọ fíúsì kúrò pátápátá kẹ́nikẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Kẹ́ ẹ wá wo ìdí ẹ́ńjìnnì pọ́ǹpù, púpọ̀ nínú wọn ní ojú kékeré kan níbẹ̀ tí ẹnu sukurudíráfà máa wọ̀, ẹ fi yí i díẹ̀díẹ̀ títí á fi rọ̀, kẹ́ ẹ dá fíúsì padà sáyè ẹ̀, kẹ́ ẹ sì rí i pé omi wà nínú táńkì kẹ́ ẹ tó tẹ̀ ẹ́. Róbà yẹn ò gbọdọ̀ yí lórí gbígbẹ, omi ló ń mú un tutù, láàárín ìṣẹ́jú kan péré ó lè jóná kó sì fà ya. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ súwíìṣì tó jẹ́ pé téèyàn bá ti gbọ́wọ́ kúrò lórí ẹ̀ ló máa kú, kí ẹnikẹ́ni má baà tàn án sílẹ̀ kó lọ gbà fóònù.

Fíúsì gbọ́dọ̀ sún mọ́ bátìrì, kó sì jẹ́ iye ámísì tí wọ́n kọ sára pọ́ǹpù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbà kí ẹnikẹ́ni fi irun wáyà dí ojú fíúsì kó lè dúró, mọ́tò tó ní bẹ́ẹ̀dì àti gáàsì nínú ni, èèyàn ń sùn síbẹ̀. Nẹ́gátíìfù náà, ẹ fà á dé bátìrì, ẹ má so ó mọ́ ara irin mọ́tò tó ti dípẹtà.

Tó bá kan ti gbígbé e kalẹ̀, ẹnu táńkì gan-an ni kí pọ́ǹpù wà, lẹ́yìn fáàfù tí wọ́n ń fà síta, kó rẹlẹ̀ ju táńkì lọ kí ìdọ̀tí lè fúnra ẹ̀ wọlé tọ̀ ọ́. Ẹ má fi páìpù tó kéré ju ẹnu ẹ̀ lọ sí ẹ̀gbẹ́ tó ti ń fà. Ẹ̀gbẹ́ tó ti ń tì jáde ló lè jẹ́ íǹṣì kan. Họ́ọ̀sì tó nípọn ni kẹ́ ẹ rà, èyí tí ò ní ká tẹ́ ẹ bá tẹ̀ ẹ́ kọrí, kílíìpù onírin méjì méjì ní oríkèé kọ̀ọ̀kan. Kí àwọ̀ ẹ̀ yàtọ̀ sí ti họ́ọ̀sì omi mímu, kí wọ́n má sì jọ wà nínú àpótí kan náà láéláé. Ọmọ ọ̀dọ̀ lè fa èyí tí kò yẹ lálẹ́, àìsàn onígbáméjì ò sì gbọ́ pé èèṣì ni.

Ọjọ́ tẹ́ ẹ bá fẹ́ da á nù, ẹ jẹ́ kí táńkì ti kún kọjá ìdajì dáadáa, kí omi pọ̀ nínú ẹ̀, torí ìgbẹ́ tó bá ti gbẹ sílẹ̀ ò ṣe é fà. Fún ìdí kan náà, ẹ máa ti fáàfù ìgbẹ́ pa ní gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá páàkì, tẹ́ ẹ bá ṣí i sílẹ̀ omi nìkan ló máa ṣàn lọ, ó máa fi èyí tó le sílẹ̀ lókìtì. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́. Ẹ kọ́kọ́ fi okùn so ẹnu họ́ọ̀sì mọ́lẹ̀ níbi tó ń lọ kẹ́ ẹ tó tẹ súwíìṣì, torí tó bá kọ́kọ́ tú jáde ó máa ń ta, ẹ ò ní fẹ́ kó ta síra aṣọ òfì ẹnikẹ́ni. Táńkì ìgbẹ́ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ dà, kẹ́ ẹ wá da táńkì omi ìwẹ̀ tẹ̀ lé e kó lè fọ inú pọ́ǹpù àti họ́ọ̀sì. Táńkì gálọ́ọ̀nù 40 tiwọn, tó jẹ́ nǹkan bí lítà 150, ìṣẹ́jú díẹ̀ ló máa gbà. Ẹ máa gbọ́ ọ fúnra yín tó bá tán, ohùn pọ́ǹpù á yí padà, á fẹ́lẹ́, kí ọwọ́ kúrò lórí súwíìṣì nígbà náà.

Ẹ fetí sí eléyìí dáadáa: tí pọ́ǹpù bá dákẹ́, họ́ọ̀sì ò ṣófo. Họ́ọ̀sì oní-íǹṣì kan tó gùn tó mítà 15 ń gba lítà 7 àti ààbọ̀, sọ́kàwéè yín sì wà lókè, ọ̀dọ̀ ẹni tó bá tú u nídìí mọ́tò ni gbogbo ẹ̀ máa dà sí. Ẹ ti fáàfù pa, kí ẹnì kan gbé họ́ọ̀sì sókè láti ìdí mọ́tò, kó máa rìn lọ síwájú ilé, kó máa gbé e bọ̀ lọ́wọ́ sọ́wọ́ títí gbogbo ẹ̀ á fi ṣàn sínú ihò, ìgbà yẹn ni kẹ́ ẹ tó tú u.

Ihò wo? Méjì ló máa ń wà nílé: septic tank tí ìgbẹ́ ti ń rọlẹ̀ tí ó sì ti ń jẹrà, àti ihò sọ́kàwéè tí omi ẹ̀ ń gbà wọlẹ̀. Ẹ má fi ẹnu họ́ọ̀sì sí ìkejì tààrà, ìgbẹ́ tí abẹ ti lọ̀ kúnná yìí máa dí ojú yẹ̀pẹ̀, ihò á kún, ẹ̀ẹ́ sì sanwó kíkó. Mánhóòlù tó wà láàárín tọ́lẹ́ẹ̀tì ilé àti septic tank ni kẹ́ ẹ ṣí. Ẹ má da Izal tàbí Hypo sínú táńkì mọ́tò torí kó má baà máa rùn, ó ń pa àwọn kòkòrò tí ojú ò rí tó ń bá yín jẹ ìdọ̀tí nínú septic tank. Tíṣù nìkan ni kó wọ inú tọ́lẹ́ẹ̀tì mọ́tò, páàdì àti wáípù ọmọdé á lọ́ mọ́ abẹ. Tí kànga bá wà nílé, ẹ jẹ́ kí họ́ọ̀sì gba ẹ̀gbẹ́ kejì ilé, torí oríkèé kan tó bá já lẹ́bàá kànga, gbogbo ilé àti aládùúgbò tó ń pọn níbẹ̀ ló bá.

Ìbéèrè: Bọ̀dá, ẹ ǹlẹ́ níbẹ̀ o. Bọ́ọ̀sì tí mo fi ń se oúnjẹ tà ni tèmi, láàárín Ṣágámù sí Ìjẹ̀bú-Òde, kò ní tọ́lẹ́ẹ̀tì, omi ìfọbọ́ nìkan ló ní táńkì. Ṣé irú pọ́ǹpù yẹn náà ni kí n rà, ṣé mo sì lè máa dà á sí gọ́tà ẹ̀bá express? Ọlọ́kadà ló sọ fún mi pé kò séwu. Aṣeoúnjẹ, Ṣágámù.

Ìdáhùn: Ẹ má dà á sí gọ́tà, àbúrò mi. Gọ́tà express ò parí sí ibì kan ju inú odò lọ, àwọn tó ń lo omi odò Ìbù ò sì jẹ yín ní gbèsè. Pọ́ǹpù alábẹ ò pọn dandan fún yín, pọ́ǹpù kékeré oní-dáyáfíràmù, ìyẹn èyí tó jẹ́ awọ róbà ló ń lọ tó ń bọ̀ nínú ẹ̀ láti fa omi, tó ní asẹ́ lẹ́nu, ti tó yín, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ò sì bẹ̀rù gbígbẹ bíi tàkọ́kọ́. Epo ni ọ̀tá yín. Ẹ fi tíṣù nu ìkòkò ọbẹ̀ àti páànù àkàrà kí omi tó kàn án, torí epo pupa máa dì mọ́ inú họ́ọ̀sì lásìkò ọyẹ́, kò sí pọ́ǹpù tó máa tì í. Ẹ wá bá àwọn tó ń kó sọ́kàwéè lágbègbè yín ṣe àdéhùn, kí wọ́n máa fà á nígbà tí wọ́n bá ń kọjá. Ẹ pè wọ́n kí táńkì tó kún, kẹ́ ẹ sì béèrè bí ẹnu họ́ọ̀sì wọn ṣe fẹ̀ tó, kí púlọ́ḿbà yín lè ṣe ẹnu tó máa wọ̀ ọ́ sára táńkì.